Ayálégbé Ọdún Márùn-ún: Bí Yunifásítì Ifẹ̀ Ṣe Ti Ìbàdàn Dé Orí Ilẹ̀ Tirẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, tí òmìnira Nàìjíríà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Sir Eric Ashby ṣe alága fún jábọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti rán wọn láti oṣù Kẹrin ọdún 1959. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n: ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta, ará Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ irú ẹ̀kọ́ gíga tí orílẹ̀-èdè tuntun náà yóò nílò ní ogún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí yunifásítì wà ní Ìbàdàn, ní Nsukka, ní Zaria àti ní Èkó. Wọn kò dárúkọ ìkarùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta náà, Dókítà Ṣànyà Ọnàbámiró, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti ṣe ìwádìí lórí kòkòrò inú omi tó ń gbé sòbìà kiri, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀ pé ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Inú àtakò yẹn ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ti yọ. Ọdún méje péré ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, láti 1960 sí 1967. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń yin ilé ẹ̀kọ́ náà fún, àti díẹ̀ nínú ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu títí di òní, inú ọdún méje yẹn ni wọ́n ti gbìn ín.

Kí ló dé tí ti Ìbàdàn kò tó?

Àlejò lè béèrè bẹ́ẹ̀. Láti 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wà ní Ìbàdàn, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà bí ilé tó wà lágbàlá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìjọba àpapọ̀ ló ń bọ́ ọ, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi oyè dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́lá, ó sì di 1962 kó tó dá dúró. Ìlà-Oòrùn ti ṣe òfin Nsukka láti 1955, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá 1960. Ti Àríwá ń bọ̀ lọ́nà ní Zaria. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀), tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn láti Ìbàdàn, wò ó pé ẹkùn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ni wọn yóò wá sọ fún pé kó máa lo ti gbogbo ayé.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iyì, ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ yẹn yóò parí ìwé mẹ́fà ní òpin 1960, yóò parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní bíi 1965, tó bá sì lọ ọdún méjì sí i fún ìdánwò gíga, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò bá ara rẹ̀ ní 1967 tàbí 1968. Àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì. Ìgbìmọ̀ Ashby ní kí gbogbo yunifásítì Nàìjíríà pa pọ̀ ní ó kéré tán 7,500 akẹ́kọ̀ọ́ ní 1970. Lójú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, iye yẹn kéré sí agbo ọmọ tó ń bọ̀. Lọ́dún 1960 kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ ìpinnu rẹ̀ jáde pé òun yóò dá yunifásítì sílẹ̀.

Òfin tó gbé ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ kalẹ̀ fún un jáde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1961. Olóyè Rótìmí Williams, agbẹjọ́rò, ni alága. Ó yẹ kí á kíyè sí ètò tí wọ́n fi ṣe é, nítorí òun ló gba ilé ẹ̀kọ́ náà là: kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ti ní òfin, wọ́n ti mọ ilẹ̀, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ àwòrán gbogbo ọgbà fún ayàwòrán-ilé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, tí wọ́n ní ilẹ̀ yóò yá bó bá yá, èdè àìyedè tó ń bọ̀ ìbá ti gbé e lọ.

Ilẹ̀

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó ti wà lórí oyè láti 1930, tó sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960, àti àwọn ará Ifẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Bí yunifásítì ṣe ń ka á lónìí, ó ju 11,000 hẹ́kítà lọ, ìyẹn ju ogójì máìlì onígun mẹ́rin lọ, oko ẹ̀kọ́ àti ìwádìí sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òkè àpáta yí àárín rẹ̀ ká. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè fi ogún ọdún kún ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, torí náà wọ́n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé igbó ni púpọ̀ rẹ̀ yóò wà fún ìgbà pípẹ́.

Ọgbọ́n wà nínú ilẹ̀ ńlá, ewu sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní láti wó ilé àkọ́kọ́ kí ó tó rí àyè kọ́ èkejì. Ewu rẹ̀ ni pé omi, iná àti ọ̀nà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ibi tí ènìyàn wà. Láti géètì dé àárín ọgbà, Road 1 nìkan ju máìlì kan lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ á fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹlòmíràn

Ifẹ̀ kò tíì ní ilé tó ṣe é wọ̀. Ẹ̀ka Ìbàdàn ti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní, tí wọ́n sì pín in bí ogún: ti Zaria di ìpìlẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello, ti Enugu lọ sọ́dọ̀ Nsukka, ti Ìbàdàn bọ́ sọ́wọ́ Ifẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1962 ni wọ́n gba ibẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, akẹ́kọ̀ọ́ 244 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní fákọ́tì márùn-ún: Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Iṣẹ́ Ọnà àti Èdè, Ètò Ọrọ̀ Ajé àti Àwùjọ, Òfin, àti Sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ nípa oògùn òyìnbó tún bá ogún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wọlé, Ifẹ̀ sì fi gba ipò iwájú nínú iṣẹ́ apòògùn ní Nàìjíríà.

Èrè àyágbé ni pé kíláàsì, ilé ìwádìí àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nílẹ̀, kò sí ìdí láti dúró de sìmẹ́ńtì. Ohun tó ná wọn ni pé Yunifásítì Ìbàdàn tó ti lọ́jọ́ lórí ni wọ́n ń bá gbé àdúgbò. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ti Ìbàdàn kò ní láti kó ẹrù jìnnà.

Àsìkò náà kò tún dára rárá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1962, wọ́n ju àga lu ara wọn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn nítorí ìjà Awólọ́wọ̀, olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso títí ọdún fi parí. Abẹ́ òfin pàjáwìrì yìí ni yunifásítì ṣílẹ̀kùn. Ọọ̀ni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ pàdánù ipò gómìnà nínú rògbòdìyàn ọdún náà. Awólọ́wọ̀ tí ìjọba rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ la ọ̀nà sílẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n ní 1963.

Ẹ ka ìjọba tó jẹ lé Ìwọ̀-Oòrùn lórí láàárín ọdún márùn-ún: Akíntọ́lá, Májẹ̀kódùnmí, Akíntọ́lá lẹ́ẹ̀kejì, Fájuyì lẹ́yìn ìdìtẹ̀ oṣù Kíní 1966, lẹ́yìn náà Adébáyọ̀ nígbà tí wọ́n pa Fájuyì ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje 1966. Nítorí pé àpò ìjọba ẹkùn ni owó ti ń wá, ẹni tó bá jókòó sórí àga ló ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ kọ orin tirẹ̀. Ní òpin 1963, Wọlé Ṣóyínká kọ̀wé fipò sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ń fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbè sẹ́yìn ìjọba. Bí Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, àti Ọlọ́pẹ ṣe ń wẹ́tìẹ̀ ara wọn, tí wọ́n ń da epo síra wọn kí wọ́n tó dáná sí i, ní 1965, àárín ìlú kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òfin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajọsẹ, oníṣègùn tó mọ̀ nípa ìlera àwùjọ, ló tukọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà gba inú ìjì yìí láti 1962 sí 1966. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Hezekiah Olúwasanmí, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀. Òun ló kó wọn dé Ifẹ̀, tó sì jókòó ti iṣẹ́ ìkọ́lé títí di 1975. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ibẹ̀, ó sì tọ́ sí i.

Ilé tó da orí kodò

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ayàwòrán-ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n bí ní Poland, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Dessau, Jámánì. Ọmọ rẹ̀, Eldar Sharon, bá a ṣe é, ilé-iṣẹ́ A. A. Egbor sì ni alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà. Ísírẹ́lì kò já lu iṣẹ́ náà láti ojú ọ̀run: ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé-iṣẹ́ Solel Boneh ti jọ dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Nigersol sílẹ̀ ṣáájú. Àríwá kò fẹ́ ìrànwọ́ Ísírẹ́lì rárá. Ìwọ̀-Oòrùn ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìṣòro tí Sharon dojú kọ ni oòrùn àti òjò, kì í ṣe ọ̀kan láìsí èkejì. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew ti fi ògiri oníhò yanjú rẹ̀: oòrùn ò lè wọlé tán, atẹ́gùn ń gba ihò kọjá. Ó dára, ó sì rẹwà. Àmọ́ nígbà tí ìjì bá gbé òjò ní ẹ̀gbẹ́, omi máa ń bá atẹ́gùn gba ihò kan náà wọlé, iyàrá ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ṣú. Sharon gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àwọn ilé Fákọ́tì Iṣẹ́ Ọnà àti Èdè, tí wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde, ó da pírámíìdì kodò: àjà kejì yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta yọ ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ dókè. Àjà òkè ni agbòjò àjà ìsàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí, òjìji àjà òkè bo fèrèsé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ènìyàn lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì onípáànù tí wọ́n ní láti ti gbogbo fèrèsé nígbà òjò, tí ooru sì ń bo gbogbo wọn, yóò mọ iyì èyí.

Òrùlé nìkan kò tó, nítorí àwọn nǹkan mẹ́ta mìíràn gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àkọ́kọ́ ni ìdojúkọ ilé. Ifẹ̀ kò jìnnà sí ìlà àárín ayé, torí náà oòrùn ọ̀sán ń gòkè gan-an, òjìji òrùlé sì lè dá a dúró. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé ní gbọọrọ, kò sì sí òrùlé tó lè dá ìyẹn dúró. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé ń kọjú sí àríwá àti gúúsù, ẹ̀gbẹ́ tóóró ni wọ́n fi gba ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Èkejì ni ìsàlẹ̀ ilé, tí wọ́n gbé ka orí òpó tí wọ́n sì fi sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn máa kọjá. Ẹ̀kẹta ni pé iyàrá wà ní ìlà kan ṣoṣo, báránda ṣíṣí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí iyàrá bá wà ní apá méjèèjì ọ̀nà àárín, atẹ́gùn tó bá wọ fèrèsé kú sí ẹnu ilẹ̀kùn nìyẹn.

Irú ilé báyìí ń fẹ́ bíríkìlà tó mọ̀ṣẹ́. Nínú ilé lásán, bíìmù dùbúlẹ̀ láàárín pílà méjì, ìsàlẹ̀ bíìmù ló ń fà, ibẹ̀ ni irin tó nípọn gbọ́dọ̀ wà. Níbi tí àjà bá ti yọ síta láìsí pílà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: òkè bíìmù ló ń fà, òkè ni irin gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀yìn pílà dáadáa kí ẹrù ẹ̀yìn lè di ti iwájú mú. Ẹni tó bá fi irin sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára yóò rí i kí kọnkéré máa sán lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà, kété tí wọ́n bá yọ pákó. Pákó náà kò gbọdọ̀ tètè kúrò, torí pé àjà tó yọ síta kò ní ohun mìíràn tó gbé e ró títí kọnkéré yóò fi gbó. Ilé tó ń wúwo dókè sì ń ná irin àti sìmẹ́ńtì ju ilé tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ṣe é, torí pé owó iná mànàmáná tí wọn kò ní máa san fún amúlétutù ni wọ́n fi dí i.

Ní ti ọgbà lódindi, àárín ni wọ́n kó ẹ̀kọ́ sí: ilé ìkàwé, sẹkitéríàtì, Gbọ̀ngàn Odùduwà àti àwọn fákọ́tì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi lè so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń yí gbà. Ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ wà ní apá kan, ti òṣìṣẹ́ ní apá kan, igi àti òkè sì dá wọn lágbede méjì. Gbọ̀ngàn Odùduwà gan-an dé lẹ́yìn náà, pẹ̀lú gbàgede eré tí àwọn ìjókòó rẹ̀ wà ní ìta gbangba lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkólọ

Oṣù Kíní ọdún 1967 ni ìkólọ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Fákọ́tì tí kò nílò ju àga, pátákó àti ìwé kò ṣòro láti kó. Ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀: omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn, gáàsì gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì, iná gbọ́dọ̀ dúró, kẹ́míkà gbọ́dọ̀ ní iyàrá tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí páìpù kò tíì dé, ọdún ìwé kan ni yóò fi ṣòfò. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn, èkejì wà ní Ifẹ̀, ọ̀nà Aṣéjìrè, Ìkirè àti Gbọ̀ngán sì wà láàárín.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dé ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ní oṣù Keje 1967. Ìkọ́lé kò dúró. Ohun tó fà á, lójú tiwa, ni pé àwòrán kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé; ìjọba tuntun kan kò lè wá ní òun fẹ́ gbé yunifásítì lọ sí ìlú ìyá òun, nítorí ìpìlẹ̀ ti wọ ilẹ̀.

Ohun tí ìkólọ ṣe sí ìwà ilé ẹ̀kọ́ náà hàn kíákíá. Ní 1968, Michael Crowder, òpìtàn, àti Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré, gbé Orí Olókun, ibùdó àṣà àti eré, kalẹ̀ ní Arùbìdì, láàárín ìlú, tí eré, ijó àti iṣẹ́ ọnà yunifásítì fi ń ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ará Ifẹ̀. Ní oṣù Kíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's A ní Mọ́dákẹ́kẹ́: wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Irú nǹkan méjèèjì yìí, ó ṣòro kí wọ́n ti inú ilé àyágbé kan ní Ìbàdàn jáde. Orúkọ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ tirẹ̀: Mọremí, Fájuyì, Awólọ́wọ̀, lẹ́yìn náà Angola àti Mozambique, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira gúúsù Áfíríkà gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé Sharon ṣe ń ṣàìsàn, kó wo ibi tí wọ́n ti yà kúrò nínú àwòrán. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àyè lọ, ìsàlẹ̀ gbayawu dà bí àyè òfo lójú ẹni tó ń wá ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù dí i, iyàrá tuntun gbóná, àwọn tó wà lókè náà pàdánù atẹ́gùn. Ni wọ́n bá wá amúlétutù. Amúlétutù ń fẹ́ fèrèsé títì, fèrèsé títì sì ń sọ àjà tó yọ síta di ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí iná bá lọ, iyàrá náà kò ṣeé jókòó mọ́.

Òrùlé kọnkéré pẹrẹsẹ ni ìṣòro kejì. Ewé igi inú ọgbà, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, ló ń dí ojú ihò omi lórí dẹ́kìn. Omi á dúró, á wá ojú sísán, á dé ara irin. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, ó sì máa ń tì kọnkéré tó bò ó kúrò. Ọ̀dà kò wo irú àìsàn yìí sàn, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ fún sáà kan ni. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: kí ẹnì kan gun òkè kó gbá ewé kúrò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kó tún wo gbogbo ojú ihò lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárín òjò. Iṣẹ́ tí kò ní ayẹyẹ ìṣílé ni, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń dù ú.

Ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1975, nǹkan tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sá fún ní 1960 gan-an. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún 1987, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀, ìjọba ológun Babangida yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn tó jáde níbẹ̀, yálà ṣáájú tàbí lẹ́yìn, Great Ife náà ni wọ́n ń pè é.

Ní ti Ìbàdàn, ilé àyágbé kò ṣófo pẹ́: The Polytechnic, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ló jogún rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọjá ní Moor Plantation yóò ṣì rí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ti Ifẹ̀, tí kò bá wọn kó lọ.